Ẹ Gbé Sítóòfù Kúrò Lọ́nà

Ní ọdún 1989, kò sí ọjọ́ tí mo máa ń retí bí Ọjọ́rú. Ọjọ́ náà ni Sísítà Eucharia, nọ́ọ̀sì tó ni ilé ìgbẹ̀bí kan nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀, máa ń kó gbogbo àwa aboyún jọ sí àgbàlá rẹ̀. A ó bọ́ bàtà, a ó tún ìró wé kó má baà tú, a ó sì tò ní ìlà. Sísítà á pàtẹ́wọ́, ariwo á rọlẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, gbé ẹsẹ̀!"

"Mo gbé e!"

"Ọmọ inú ń wò ọ́ o!"

"Kó máa wò mí, mo gbé e!"

Ilẹ̀ á máa mì. A ó na apá sókè, a ó di bẹ́ǹṣì mú, a ó lóṣòó, a ó tún dìde. Lẹ́yìn náà a ó fa èémí sínú, a ó sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń pa fìtílà. Ọmọ Ìgbò ni Sísítà, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ.

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn, má jókòó bí àpò ìrẹsì! Ọmọ ló wà nínú rẹ, kì í ṣe òkúta! Morádéún, kọrin sókè, àbí ọkọ rẹ ló ní kí o má lanu?"

Èmi ni Morádéún. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń tẹ̀wé ní Apapa, wọ́n lè má gbọ́ ohùn mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àfi ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Ṣùgbọ́n ní àgbàlá yẹn, mo máa ń kọrin títí ohùn mi á fi há. Bí mo bá ń padà sílé ní Málù Róòdù lẹ́yìn náà, láàárín àwọn tírélà àti iná àwọn tó ń jó irin, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ sáré.

Ẹni tó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ nìkan ló lè mọ ìdí tí ìdùnnú yẹn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni mo bí àkọ́bí mi, Tèmilọlá. Yàrá kan ni èmi àti Ọlábánjí ọkọ mi ń gbé ní Ìjọra Bàdíà nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Òrùlé ń jò sórí ibùsùn ní apá ọ̀tún, nítorí náà apá òsì ni gbogbo wa ń há mọ́. Kẹrosíìnì ṣọ̀wọ́n ní ọdún náà. Igi tútù ni mo fi ń dáná. Iṣẹ́ òru ni Ọlábánjí ń ṣe ní wọ́ọ̀fù, ó ń ka ẹrù tí wọ́n ń já sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ọmọ bá ké, èmi náà á ké. Nígbà tó yá, n kò ké mọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Oorun dá lójú mi. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mo máa ń tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn, kí n máa wò ó bí ẹrù tí ẹnì kan ní kí n bá òun ṣọ́, tí kò sì padà wá gbé e.

Màámi, ìyá ọkọ mi, wá láti Ìkirè láti wá wẹ ọmọ, bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe. Wọ́n bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rin gbingbin nínú ìtọ̀ lórí ẹní, ẹ̀kọ tí mo gbé kaná sì ti jó títí ìdí ìkòkò fi lu. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n di ẹrù ọmọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì lọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn aládùúgbò ń sọ ní òdìkejì ògiri: abísínwín. Búláòsì aláwọ̀ ewé tó ní bọ́tìnnì funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi ọyàn rin ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oṣù púpọ̀ kọjá kí ara mi tó bọ̀ sípò. Nígbà tó sì bọ̀ sípò, kò sẹ́ni tó dá ọmọ padà. Bí a bá béèrè, Màámi á ní, "Ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ sí i." Ní ọdún Àjíǹde kan tí a lọ kí wọn ní Ìkirè, Tèmilọlá kúnlẹ̀ níwájú mi dáadáa, ó ní, "Àǹtí Èkó, ẹ káàbọ̀."

Nígbà tí mo tún lóyún, a ti kó kúrò ní Bàdíà. Màámi ránṣẹ́ sí wa pé àwọn ń bọ̀ kí n tó bímọ. Wọ́n ní, "Èyí tó ń bọ̀ yìí, kò ní rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí." Ọ̀rọ̀ náà yé àwa méjèèjì: wọn yóò gbé ìyẹn náà lọ.

Ejiro ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Sísítà. Ọmọ Urhobo ni, aránṣọ ni, yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa, ilé ìgbẹ̀bí náà ló sì ti bí ọmọ rẹ̀ méjèèjì. "Oya, wear slippers make we go," ló wí. "Obìnrin yẹn á mú ẹ jó títí ọmọ á fi gbàgbé ọ̀nà, á kàn rí ara ẹ̀ níta."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sísítà. Kò yà á lẹ́nu.

"Àìsàn ni, Morádéún, bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà rẹ. Ó lè padà wá, ó sì lè má wá. Eré ìdárayá tí à ń ṣe níbí kì í ṣe ajẹ́bíidán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí èèyàn rí oorun sùn, ó sì ń jẹ́ kí ọkàn fúyẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣèlérí fún mi. Bó bá padà wá, má bò ó mọ́ra. Sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an."

Mo ṣèlérí. Ẹnu lásán ló dà bíi pé mo fi ṣe é nígbà náà.

Màámi dé nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ. Dòdò Ìkirè wà lọ́wọ́ wọn kan, Tèmilọlá sì wà lọ́wọ́ kejì. Inú mi dùn gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ó sá sẹ́yìn ìró Màámi, ó ń yọ ojú kan wò mí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìsinmi Ọlábánjí, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti ṣe eré ìdárayá mi, nítorí Sísítà ní kí a máa ṣe é lójoojúmọ́. Mo kọjú sí ògiri, mo gbé ọwọ́ lé e, mo lóṣòó, mo dìde. Mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀, mo sì ń dá ara mi lóhùn: "Ìyá ọmọ, gbé ẹsẹ̀! Mo gbé e!" Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Tèmilọlá ti dúró síbẹ̀. Òun náà gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó lóṣòó. Ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn: fúù! Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mi láyà. Mo fẹ́ tèmi, ó fẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí Màámi fi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde láti lọ wẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ọlábánjí! Ọlábánjí o! Jáde wá! Ó ti tún dé o! Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀! Ó tún ti kó o ran ọmọ!"

Gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Lazarus, ajórin tó ń gbé ní yàrá ìparí, sáré jáde pẹ̀lú ọ̀pá irin lọ́wọ́.

"Olè dà? Ibo ló gbà?"

"Kò sí olè," Ejiro dáhùn. "Mama, abeg, no shout. Na exercise she dey do."

"Kí ni èyí ń wí?"

"Eré ìdárayá ni, Màmá. Torí ọmọ inú ni."

"Eré? Aboyún oṣù mẹ́jọ ló ń bá ògiri ṣeré ní ìdájí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lazarus ló rẹ́rìn-ín jù, nítorí òun ni ẹ̀rù ti bà jù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Màámi ti gbé Tèmilọlá mọ́ àyà, wọ́n ń fi ìdí ìró nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ májèlé. Mo wo ojú wọn, n kò rí ìbínú níbẹ̀. Ìpayà ni mo rí.

"Ọlábánjí, gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tó bá bí i ni mò ń gbé e lọ. Mi ò ní dúró bá ẹnikẹ́ni jiyàn."

Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó tún ìró ìdí rẹ̀ so. "Màámi, ẹ bá a lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí ẹ bá dé tí ẹ ṣì ní orí rẹ̀ ló dàrú, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo bínú sí i pé ó fi mí ta tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí Ọjọ́rú náà bí ọmọdé ti ń retí Kérésìmesì.

Nígbà tó dé, Màámi wọ bùbá funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ìsìn. Wọ́n rìn lẹ́yìn mi láti Málù Róòdù títí dé Boundary. Bí a ti wọ ẹnu géètì, àwọn aboyún tó kún àgbàlá náà ń lóṣòó, wọ́n ń dìde, gbogbo wọn sì fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà: fúù! Màámi dúró gbagidi.

"Gbogbo wọn?" ni wọ́n bi mí. "Gbogbo wọn náà ni?"

"Gbogbo wọn, Màámi."

Sísítà ti rí wa. "Màmá, ẹ káàbọ̀! Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wá bá wa ṣe é."

"Èmi? Mo bí méje, mi ò gbé ẹsẹ̀ sókè fún nọ́ọ̀sì kankan."

"Nígbà tí ẹ lóyún wọn, kí lẹ ń ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Mò ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Mò ń pọn omi. Mò ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin ti ń ṣe tiyín, ẹ ò kàn kọrin sí i ni. Ẹ fi bí ẹ ṣe ń rin ẹ̀gẹ́ hàn wá, Màmá. Àwọn ọmọ Èkó yìí ò mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé wọn yóò bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ mú ará Ìkirè, kó sọ pé ẹlòmíràn ò mọ ẹ̀gẹ́ rin. Màámi bọ́ bàtà. Wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di pákó tí kò sí níbẹ̀ mú, gbogbo ara wọn sì ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn. Sísítà pàtẹ́wọ́ sí i. Kí a tó mọ̀, gbogbo àgbàlá ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ọmọ Ìgbò ń rin ẹ̀gẹ́, Ìjọ́ ń rin ẹ̀gẹ́, Yorùbá ń rin ẹ̀gẹ́, ikùn ńlá ńlá ń fì síwá sẹ́yìn, àwọn tó ń kọjá lójú pópó sì dúró ní géètì, wọ́n ń bá wa pàtẹ́wọ́. N kò tíì rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Lọ́nà ilé, Màámi ní, "Nọ́ọ̀sì yẹn ò lè rin ẹ̀gẹ́ láéláé. Ìbàdí rẹ̀ le jù." Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n rìn díẹ̀ sí i, wọ́n wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Orí rẹ pé. Mo ti rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú oyún ló ti mú ọ nígbà yẹn, Morádéún. Lẹ́yìn ìbímọ ni."

Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ìrọbí mú mi, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde àfi láti gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọlábánjí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni, ìmọ́tótó sì ká a mọ́ wọ́ọ̀fù. Ejiro wo ìta, ó wò mí.

"Ọkọ̀ ò sí. Ṣé o lè rìn ín?"

"Mo ti ń rìn ín láti oṣù kẹrin," mo dáhùn.

A fi Tèmilọlá àti àwọn ọmọ Ejiro ti àwọn ará ilé, èmi, Ejiro àti Màámi sì bọ́ sí Málù Róòdù. Ẹ wo ojú títì! Kò sí tírélà kan, kò sí ìwo ọkọ̀ kan. Títì gbòòrò níwájú wa bí ẹni pé tiwa nìkan ni. Gbogbo èèyàn wà lẹ́bàá gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀, bí a sì ti ń kọjá ni wọ́n ń nàró.

"Ìyá ìkókó, máa lọ o!"

"Ó ti dé tán! Ẹ yà fún un!"

Bí inú bá ti fún mi, mo máa dúró, máa gbára lé èjìká Màámi, máa fẹ́ atẹ́gùn. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń wò mí. Ìgbà kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí mi létí: "Pa fìtílà! Pa á! Ó kù díẹ̀, pa á!" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fẹ́ ẹ pọ̀: fúù!

Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ìmọ́tótó dá wa dúró pẹ̀lú pàṣán. "Níbo lẹ ń lọ? Ẹ ò mọ̀ pé ìmọ́tótó ni?"

Màámi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìmọ́tótó lòun náà fẹ́ lọ ṣe. Inú rẹ̀ ló fẹ́ gbá. Ṣé kó gbá a síbí fún ọ?"

Àwọn tó wà lẹ́bàá gọ́tà hó yèè. Ọkùnrin náà fi pàṣán nu ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí a máa lọ. Nígbà tí a fi máa dé Boundary, obìnrin tó tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ti pọ̀, orin Sísítà ni Ejiro sì ń dá fún wọn. Mo bí ọmọ náà kí aago ìmọ́tótó tó parí. Ọkùnrin ni. Ó ké bí ìwo ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ mélòó kan, inú wa dùn gan-an. Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ kan kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, mo jí, mo sì mọ̀.

Bí a ti ń mọ ìró ẹsẹ̀ àlejò tí a kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìwo tírélà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ mi wúwo. Mo wo ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rí ẹrù tí ẹnì kan ní kí n bá òun ṣọ́.

Mo rántí ìlérí mi fún Sísítà. Ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ fún? Ọlábánjí kò tíì ti iṣẹ́ òru dé, Ejiro ti lọ ra òwú. Màámi nìkan ló wà nílé, báàgì wọn sì wà ní igun yàrá. Bí mo bá sọ fún wọn, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ọmọ mi kejì fún wọn. Bí n kò bá sọ, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ìkòkò á fi tún lu.

Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, ọmọ wà lójúgun wọn, wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màámi."

"Hẹn."

"Ó ti ń bọ̀."

Ọwọ́ wọn dúró. Wọn kò bi mí pé kí ni. Wọ́n ṣan ọmọ, wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n wé e. Wọ́n dìde. Mo wo báàgì wọn, n kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n wá síbi tí mo jókòó sí, wọ́n sì gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀.

"Gbé e dání," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó tì mí.

"Mo ní àbúrò kan, Ṣayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó bímọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan, àwa náà kò bi í. A ní agídí ni. Odò la ti lọ gbé òun àti ọmọ." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Nígbà tí mo bá ọ lẹ́nu ọ̀nà ní Bàdíà, ojú Ṣayọ̀ ni mo rí. Mo ní kí n gbé ọmọ sá. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n gbé ìyá rẹ̀ náà. Ìwọ sọ fún mi, Morádéún. Ṣayọ̀ ò sọ."

Mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí ẹkún ti dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ejiro dé, wọ́n rán an lọ pe Sísítà. Sísítà jókòó sórí ibùsùn wa, ó bi mí ní ìbéèrè láìfi ọ̀rọ̀ bò. Ṣé mò ń sùn? Ṣé mò ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́? Ṣé ó ń ṣe mí bíi kí n pa ara mi tàbí ọmọ lára? Mo ní oorun nìkan ni n kò rí.

"Bí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù bá dé, ọsibítù là ń lọ lójú ẹsẹ̀. Dókítà wà fún un, oògùn sì wà. Títí di ìgbà náà, n ó máa wá wò ọ́. Màmá, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sùn, ṣùgbọ́n ẹ dá a padà fún un bó bá jí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ara rẹ̀ mọ ìrìn, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́."

"Rìn lọ síbo?" ni Màámi bi í. "Ìyá ìkókó kì í jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé. Atẹ́gùn òde ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i."

Kò sẹ́ni tó lè bá Màámi jiyàn lórí ogójì ọjọ́. Màámi fúnra wọn ló dìde lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, tí yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí sítóòfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti irin Lazarus sì dí títí dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí," ni wọ́n wí, "inú ilé ni àbí ìta?"

"Inú ilé ni, Màmá," Sísítà dáhùn wéré.

"Ó gùn."

"Ó gùn dáadáa."

Màámi gbé ohùn sókè débi pé ọmọ ta gìrì. "Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ gbé sítóòfù kúrò lọ́nà!"

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí àwọn èèyàn tó dáná, gbogbo sítóòfù á wọ inú yàrá. Lazarus á kó irin rẹ̀ jáde, á fọn fèrè réfírì tí ó rà fún iṣẹ́ náà, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọ̀kadà gba ibẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màámi á pọ̀n ọmọ tẹ̀ lé mi. Tèmilọlá á tẹ̀ lé Màámi. Ejiro á sì máa ké bí àwọn tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lórí rédíò:

"Moradeun don collect am! She don pass Baba Landlord door! Mama dey mark am for back! Ah, ah, Lazarus, comot leg! Corner! Ó ti kọjá kọ́nà! Gooooal!"

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò lè gbé orí sókè, tí Màámi á fa ọwọ́ mi, tí n ó máa sunkún láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, tí Ejiro á sì dákẹ́, á kàn máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A sọ ọmọ lórúkọ Àdúràgbèmí nígbà tí n kò lè rẹ́rìn-ín. Sísítà mú dókítà kan wá sílé wò mí, ó fún mi ní oògùn tó jẹ́ kí n lè sùn, ó sì ní kí a má dá ìrìn náà dúró. A kò dá a dúró.

Ní òwúrọ̀ kan, Lazarus gbàgbé pé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi òun wà lójú ọ̀nà. Ó fọn fèrè, ó sáré láti gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìdí jókòó sínú rẹ̀, kò lè jáde mọ́. Màámi wò ó.

"Ṣé ìwọ náà ti rọbí ni? Pa fìtílà!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀, ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀. Gbogbo wọn yíjú wò mí, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé èmi ni. Ejiro kò tilẹ̀ ké góòlù. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń fò sókè.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, a sin Màámi dé Boundary kí wọ́n lè wọkọ̀ lọ sí gáréèjì. Báàgì wọn nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Kí a tó jáde nílé, wọ́n ti to aṣọ Tèmilọlá sórí ibùsùn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ké, ó di ìró wọn mú. Wọ́n tú ìka rẹ̀ kúrò, wọ́n wọkọ̀, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Mo rí i pé èjìká wọn ń mì.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Àdúràgbèmí sùn lẹ́yìn mi. Tírélà ń lọ, ó ń bọ̀, eruku ń sọ. Tèmilọlá ń wọ́ ẹsẹ̀, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a dé Málù Róòdù, ó dúró.

"Àǹtí Èkó, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ pọ̀n mí."

Mo tú ọ̀já. Mo gbé Àdúràgbèmí síwájú, mo so ó mọ́ àyà, mo lóṣòó bí Sísítà ti kọ́ wa, Tèmilọlá sì gun ẹ̀yìn mi. Mo dìde pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Lazarus rí wa láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè.

"Ìyá Tèmi! Ṣé kí n bá ọ gbé ọ̀kan?"

"Rárá o! Má yọ mí lẹ́nu!"

A kọjá rẹ̀. Tèmilọlá fi ẹnu rẹ̀ ti etí mi, ó sì fi ohùn tó ti há nínú ẹkún bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ìyá ọmọ, gbé ẹsẹ̀!"

"Mo gbé e!" ni mo dáhùn, ohùn mi sì ròkè ju ti tírélà lọ.